Ẹ Ṣí Kọ́fà Wò Kí Ẹ́ńjìnnì Tó Kọṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń ṣe gaàrí sọ ní Ìjàn-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gẹ́ tuntun ni ẹ sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu èmi ọmọ yín. Lónìí, ọ̀rọ̀ irin ni mo gbé wá. Ẹlòmíràn lè sọ pé iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn, kí ló kan ẹni tó wá láti ọ́fíìsì àgbẹ̀? Ó kàn mí, ó sì kàn yín jù mí lọ.

Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa fa ìlà dúdú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Iṣu lè dúró nínú àká, àgbàdo gbígbẹ lè wà lókè àjà, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tútù kò ní sùúrù yẹn. Bí ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, kì í ṣe owó mẹkáníìkì nìkan lẹ máa san. Owó àwọn tó bá yín hú u, owó ọkọ̀ tó kó o láti oko, àti ẹ̀gẹ́ náà fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa wọlẹ̀.

Apá tí mo fẹ́ ká yẹ̀ wò ni àwọn irin kéékèèké tó wà lábẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lo ẹ́ńjìnnì fún ọdún márùn-ún láìṣí ibẹ̀ rí. A máa ń rọ epo sí i, a máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì nígbà tí a bá rántí, ó parí síbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ń mí bí èèyàn ṣe ń mí. Ilẹ̀kùn méjì ló ní lórí: ọ̀kan ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń lé èéfín jáde. Àwọn ilẹ̀kùn yìí là ń pè ní fáàfù. Wọn kì í dá ṣí fúnra wọn. Ọ̀pá irin kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó ní gegele lára, òun ni káàmù-ṣáàfù. Bó ti ń yí, gegele yẹn á ti irin kan tó ń jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì sókè, tápẹ́ẹ̀tì á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń pè ní púṣì-rọ́ọ̀dù, púṣì-rọ́ọ̀dù á gbé ẹ̀gbẹ́ kan rọ́kà sókè, ẹ̀gbẹ́ kejì rọ́kà á sì tẹ fáàfù wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọmọdé méjì jókòó sórí pákó, tí ọ̀kan ń lọ sókè tí èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Sípíríǹgì ló máa ń dá fáàfù padà kó lè tì pa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Lister àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà kan rí ní ìlú Dursley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Íńdíà náà sì wá ń ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Rajkot, ẹ́ńjìnnì tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Èyí tó ní agábra ẹṣin 6 nínú wọn ń yí ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan. Fáàfù kọ̀ọ̀kan máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ìgbà 325 ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan, ó di 19,500. Èyí kéré o! Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù kékeré bíi Honda GX160, tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ lára ẹ̀rọ tí ń fa omi, tó bá ń yí ìgbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ṣí ìgbà 108,000 ní wákàtí kan ṣoṣo. Irin tó ń gba ìlù tó báyẹn, bó ti wù kó le tó, á jẹ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń jẹ? Ẹ lè gbọ́ ariwo kó-kó-kó láti òkè ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì lè ṣòro ṣí láàárọ̀, kí ọwọ́ tó ń yí i tàbí tó ń fa okùn rẹ̀ máa rí i pé ó ti fúyẹ́ jù, kò tako ọwọ́ bó ti yẹ. Ó lè máa yìnbọn nínú sáìlẹ́ńsà, tàbí kó máa fẹ́ èéfín padà sí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé bí kò bá rù, ó ń ṣe dáadáa, àmọ́ bí ẹ bá ti ju ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀rọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni fáàfù máa ń fa àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ríǹgì tó ti jẹ lè fà á, epo tó dọ̀tí náà lè fà á. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, abẹ́ kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù láti kọ́kọ́ wò, òun ni owó rẹ̀ sì kéré jù. Nóòtì méjì tàbí mẹ́rin ni ẹ máa tú.

Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ibí yìí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń rọ. Wọ́n pe mẹkáníìkì. Ó sọ pé ríǹgì ti lọ. Wọ́n dá owó, wọ́n ra ríǹgì àti písítìnnì tuntun, ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó tò ó padà, ẹ́ńjìnnì sì ń rọ bó ṣe ń rọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹlòmíràn wá ṣí kọ́fà òkè, kò sí àlàfo kankan mọ́ láàárín rọ́kà àti fáàfù èéfín. Fáàfù kò lè tì pa mọ́, ẹnu rẹ̀ ti jóná. Fáàfù kan ṣoṣo ni. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń wá owó ríǹgì kò sì di gaàrí mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá rọ, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé kó ṣí òkè kó tó tú ìsàlẹ̀. Kò sí àrífín nínú kí ẹni tó ni nǹkan béèrè ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Àárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló dára jù. Ẹ yọ bẹ́líìtì kúrò lára ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́. Tó bá jẹ́ ti pẹtiróòlù, ẹ yọ okùn iná kúrò lórí púlọ́ọ̀gì. Tó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, ẹ ti ẹnu epo rẹ̀ pa. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì nu orí ẹ́ńjìnnì mọ́ kẹ́ ẹ tó tú nóòtì kankan, torí eruku àti omi ẹ̀gẹ́ tó gbẹ mọ́ ọn kò gbọdọ̀ já sínú. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Ẹ wá páálí kan, ẹ dá ihò sí i lára, ẹ kọ "Afẹ́fẹ́" sí apá kan, ẹ kọ "Èéfín" sí apá kejì, kí ẹ sì máa fi irin kọ̀ọ̀kan sí ihò tirẹ̀ bí ẹ ti ń yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Àwọn irin yìí ti bá ara wọn ṣiṣẹ́ pẹ́, ojú ọ̀kan ti mọ ojú èkejì. Bí ẹ bá gbé púṣì-rọ́ọ̀dù tibí sí tọ̀hún, jíjẹ tuntun á tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò ni ọ́ìlì tó wà níbẹ̀. Ṣé ó mọ́, ó sì tutù lára irin? Ó dára. Ṣé ó ti di ọ̀dà dúdú tó lẹ̀ mọ́ igun? Ọ́ìlì ti pẹ́ jù nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ṣé ó funfun bí ẹ̀kọ mímu? Omi ti wọ inú rẹ̀. Ṣé irin gbẹ, tó sì ti ń pupa? Ọ́ìlì kò dé ibẹ̀ rárá. Lórí àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan, ọwọ́ la fi ń kán ọ́ìlì sí rọ́kà láràárọ̀, ẹ̀rọ kò ní gbé e lọ síbẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè máà mọ̀.

Ẹ wá mú púṣì-rọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e lé orí gíláàsì fèrèsé tàbí ohunkóhun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì máa yí i kiri. Èyí tó tọ́ á yí lọ wẹ́rẹ́. Èyí tó wọ́ á máa fò, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi òòlù lù ú kó lè tọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó wọ́ ọ. Púṣì-rọ́ọ̀dù kì í wọ́ lásán. Bóyá fáàfù kan há, tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bóyá ẹnì kan fa ẹ́ńjìnnì kọjá agbára rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Bí ẹ kò bá rí ìdí rẹ̀, èyí tuntun náà á wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wo orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, kò yẹ kí ó lẹ́nu tàbí kó ní ojú kòtò.

Rọ́kà ló kàn. Ẹ wo ibi tó ti ń tẹ fáàfù. Ó yẹ kó dán. Bí ó bá ti ní kòtò, ẹ kò ní lè wọn àlàfo rẹ̀ dáadáa mọ́, torí irin ìwọ̀n á dúró sórí etí kòtò, á sì máa purọ́ fún yín. Ẹ di rọ́kà mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún àti sósì lórí ibi tó dúró sí. Kí ó máa yí fàlàlà lórí rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ó máa gbọ̀n jìgìjìgì kò dára. Ọgbọ́n kan sì wà láti mọ rọ́kà tó ti sán. Ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá lọ ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì kúnná sí i lára. Bí ó bá sán níbì kan, kẹrosíìnì tó fara pamọ́ sínú ibi tó sán á máa jáde, ẹ óò sì rí ìlà tútù lára ẹfun náà. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, kò ná yín ju ẹfun lọ.

Sípíríǹgì kì í pariwo kó tó rẹ̀. Ẹ gbé e nàró sórí gíláàsì yẹn, kí ẹ wò ó bóyá ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wo ara rẹ̀ fún ìpẹtà, torí ojú ìpẹtà ni ó ti sábà máa ń dá. Bí ẹ bá ní tuntun, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó kúrú ti rẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ to ọ̀kan lé orí èkejì kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n pọ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ sún wálẹ̀ jù kò lágbára mọ́. Sípíríǹgì tó rẹ̀ kì í jẹ́ kí fáàfù tètè tì, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré.

Lórí sípíríǹgì, ẹ óò rí irin kékeré tó di ọrùn fáàfù mú. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ìlàjì méjì ló jẹ́. Bó ṣe kéré tó yẹn, òun ló gbé fáàfù dúró. Bí ó bá yọ, fáàfù á já sínú sìlíńdà, písítìnnì á sì lù ú mọ́ òkè. Ẹ́ńjìnnì parí nìyẹn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà dè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò láé, kódà kó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ kún ilẹ̀ bámúbámú.

Fáàfù fúnra rẹ̀, mẹkáníìkì ló yẹ kó bá yín yọ ọ́, torí tọ́ọ̀pù sìlíńdà máa kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló sì gbọ́dọ̀ fi tò ó padà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, ẹ jẹ́ kó fi hàn yín. Ẹ wo etí fáàfù. Bí etí rẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́ bí ẹnu ọ̀bẹ, ẹ sọ ọ́ nù, kò ṣeé lọ̀ mọ́, yóò gbóná jù, yóò sì jó. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní ibi tó jẹ wọ inú, ibẹ̀ ni iná ń gbà jáde. Bí orí ọ̀pá rẹ̀ bá ti fẹ̀ bí olú, ìlù ti pọ̀ jù fún un. Kí mẹkáníìkì gbé fáàfù sókè díẹ̀ nínú ihò rẹ̀, kó sì mì í: bí ó bá ń lọ tó ń bọ̀, ihò ti fẹ̀.

Kí wọ́n tó ná owó lé e, ẹ ní kí wọ́n dán an wò pẹ̀lú kẹrosíìnì. Kí wọ́n yí tọ́ọ̀pù sìlíńdà dojú sókè, kí púlọ́ọ̀gì wà lára rẹ̀, kí fáàfù méjèèjì tì, kí wọ́n da kẹrosíìnì sí ojú ibi tí iná ti ń jó, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wo inú ihò afẹ́fẹ́ àti ihò èéfín. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, fáàfù ń tì dáadáa. Bí ó bá tutù, ó ń jò. Èyí tó ń jò díẹ̀ ṣeé fi pésìtì lọ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi ní òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rí ràkọ̀ràkọ̀ yípo, láìjá níbì kankan. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ pésìtì yẹn kúrò pátápátá, torí iyanrìn ni.

Tápẹ́ẹ̀tì àti káàmù-ṣáàfù wà nínú jinlẹ̀, a kì í dé ibẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, kí ojú tápẹ́ẹ̀tì dán bíi dígí. Bí ó bá ti ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ilé-gbígbóná bá jà, ẹ wo gegele káàmù-ṣáàfù náà. Tuntun lórí ògbólógbòó kì í pẹ́ jẹ.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù, ìyẹn ni àlàfo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín rọ́kà àti orí fáàfù, torí irin máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, ẹ óò máa gbọ́ kó-kó-kó, fáàfù kò sì ní ṣí tó. Bí kò bá sí àlàfo, fáàfù kò ní tì pa, iná á máa gba ẹnu rẹ̀ kọjá, á sì jó o. Ẹ wò ó o: èyí tó fẹ̀ ń pariwo, èyí tó fún kì í sọ nǹkan kan. Bí fáàfù ṣe ń jẹ wọ inú ìjókòó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo ń dín kù, ariwo á sì máa rọlẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ á máa yọ̀ pé ẹ́ńjìnnì òun ti ń dùn. Nítorí náà, etí kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Fílà géèjì, àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a kọ ìwọ̀n sí lára, ni ká fi wò ó.

Ẹ yí ẹ́ńjìnnì lọ síbi tó máa ń yí sí, ẹ máa wo fáàfù afẹ́fẹ́. Á ṣí, á tún tì. Ẹ máa yí i lọ díẹ̀díẹ̀ títí písítìnnì yóò fi dé òkè pátápátá. Níbẹ̀, fáàfù méjèèjì tì. Ẹ ti irin ìwọ̀n bọ àlàfo náà. Ó yẹ kó wọlé, kó sì máa fà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa owó bébà láàárín ojú ewé Bíbélì tó dì. Fún Honda GX160, 0.15 mm ni ti afẹ́fẹ́, 0.20 mm ni ti èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ má fi ìwọ̀n yìí sí ẹ́ńjìnnì mìíràn! Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan wá ló ni tirẹ̀. Àwọn kan máa ń fi bíléèdì wọ̀n ọ́n. Bíléèdì ìfárí kò ju nǹkan bí 0.1 mm lọ, ó kéré sí èyí tí fáàfù èéfín yẹn fẹ́. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ tún un wọ̀n, torí nóòtì máa ń yí i díẹ̀ bí ẹ ti ń dè é.

Ìgbà wo ni ká máa wò ó? Ohun tí Honda kọ fún GX160 ni wákàtí 300 tàbí ọdún kan, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ wákàtí 6 lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, á lo wákàtí 300 tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré. Nítorí náà, ẹ má dúró de ọdún. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, fáàfù tó ń jò ti di ẹni tó ń jalè nínú gálọ́ọ̀nù yín lójoojúmọ́: epo ń jó, ẹ̀gẹ́ kò sì rin tó bó ti yẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra irin tuntun, ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sí Adó. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ wo gígùn, ẹ wo nínípọn. Púṣì-rọ́ọ̀dù tó fi díẹ̀ kúrú tàbí gùn kò ní jẹ́ kí àlàfo rí bó ti yẹ, orúkọ yòówù tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ìwé kékeré kan, kí wọ́n so ó mọ́ ilé ẹ̀rọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí kọ́fà, iye wákàtí tí ẹ rò pé ẹ̀rọ ti ṣe, àti ìwọ̀n tí ẹ bá kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Bí ìwé bá fi hàn pé àlàfo èéfín ń dín kù kíákíá nígbà gbogbo tí ẹ bá ṣí i, ìjókòó fáàfù ló ń jẹ, tọ́ọ̀pù sìlíńdà fẹ́ iṣẹ́. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹni tó bá ní púṣì-rọ́ọ̀dù, rọ́kà tàbí sípíríǹgì tó ti yọ kúrò lára ẹ̀rọ, kó bá mi mú un wá, kò báà ti pẹtà. Èmi á mú gíláàsì, fílà géèjì àti ẹfun wá.